Bí ẹ ṣe máa tún LinkedIn yín ṣe kí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ lè rí yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní LinkedIn, ìkànnì tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tí kò ṣe nǹkan kan fún wọn rí. Wọ́n ṣí i nígbà tí wọ́n ń sìnrú ìlú, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ yunifásítì tí wọ́n lọ, wọ́n wá fótò kan tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó tán, látìgbà náà wọn ò padà síbẹ̀ mọ́ àfi tí ímeèlì bá wọlé pé ẹnì kan fẹ́ connect. Tí wọ́n bá wá ń wáṣẹ́, wọ́n á ní LinkedIn ò wúlò ní Nàìjíríà, pé àwọn tó wà lókè òkun ló wà fún. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnnì tó wà ní Ìkẹjà, ní Àgbárá, ní Ìbàdàn, àwọn báńkì, àwọn NGO, ọ̀pọ̀ HR wọn, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló ń wá èèyàn níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wáni, ọ̀pọ̀ wa ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ tiwọn, torí ẹni tó bá ti mọ èyí, ìyókù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. LinkedIn ti wà láti 2003, Microsoft rà á ní 2016, àwọn tó wà lórí ẹ̀ báyìí ti lé ní bílíọ̀nù kan. Kò sí recruiter, ìyẹn ẹni tó ń bá kọ́ńpìnnì wá òṣìṣẹ́, tó máa jókòó máa wo àwọn èèyàn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńpìnnì wọn ló ń sanwó fún irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ LinkedIn Recruiter, wọ́n á tẹ orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn fún síbẹ̀, wọ́n á tẹ ìlú, wọ́n á tẹ skill méjì mẹ́ta, nígbà míì wọ́n á tẹ orúkọ kọ́ńpìnnì tí wọ́n fẹ́ kẹ́ni náà ti bá ṣiṣẹ́ rí, orúkọ á wá tò jáde. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rí ò pọ̀: fótò, orúkọ, ìlà kan tó wà lábẹ́ orúkọ, ibi iṣẹ́, ìlú. Látinú ìyẹn ni wọ́n ti ń mú àwọn tí wọ́n máa ṣí wò. Ẹni tó ti ń ka ọjà ní store fún ọdún mẹ́wàá tí kò kọ "inventory" síbì kankan, tí wọ́n bá tẹ "inventory", ó ṣòro kó jáde, ẹni tó ṣe é fún ọdún kan àbọ̀ tó kọ ọ́ dáadáa á jáde. Ó ń dùn mí gan an tí mo bá rí i, torí àwọn tó mọṣẹ́ jù ló sábà máa ń kọ ìkọkúkọ síbẹ̀.

Kọ́rọ̀ má bàa fò lókè lásán, ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan: ó ń ṣe storekeeper ní feed mill kan ní Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ, ó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú, ó sì fẹ́ bọ́ sí kọ́ńpìnnì tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Àgbárá tàbí Ìkẹjà. Òun ni màá máa tọ́ka sí. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ̀yin, tàbí tíṣà, tàbí akáǹtáǹtì, ẹ kàn fi tiyín rọ́pò.

1. Ẹ kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ

Ẹ má tíì fọwọ́ kan pròfáìlì yín. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Jobs sí, ẹ tẹ orúkọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ yan Lagos, Ogun tàbí Oyo, ẹ wá ṣí bíi mẹ́wàá nínú àwọn iṣẹ́ tó bá jáde, ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá rí tó ń padà wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí inú fóònù. Storekeeper wa máa rí inventory management, stock reconciliation, FIFO (ọjà tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde), warehouse, dispatch, waybill, Excel, àti SAP pẹ̀lú Sage, àwọn app kọ̀ǹpútà tí kọ́ńpìnnì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà àti owó. Ó máa wá yé e pé ohun tí òun ń pè ní kíka ọjà ìparí oṣù, stock count làwọn ń pè é, pé ìwé tóun máa ń fi wé ọjà tó wà nílẹ̀, reconciliation lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe ni, orúkọ tí wọ́n fi ń wá a ni kò mọ̀.

Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ mú o. Tẹ́ ò bá fọwọ́ kan SAP rí, ẹ má kọ SAP, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ní ìntáfíù nìyẹn. Èyí tẹ́ ò mọ̀ tó sì ń jáde ṣáá, ẹ yà á sọ́tọ̀, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ lọ kọ́ nìyẹn, Excel pàápàá, ẹ̀kọ́ ẹ̀ kún orí YouTube, dátà nìkan ló máa ná yín.

Nǹkan kan tó ṣe pàtàkì fáwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: bẹ́ ẹ bá ti ń tún un ṣe, ẹ máa rí ibì kan tó ń jẹ́ Notify network, ẹ pa á. Tẹ́ ò bá pa á, LinkedIn lè lọ máa kéde fáwọn ará ọ́fíìsì yín pé ẹ ti yí nǹkan padà, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú yín.

2. Orúkọ, fótò, ìlú

Orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì yín ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìnagijẹ. Fótò ò nílò owó: ẹ dúró síwájú ògiri tó mọ́, kẹ́ ẹ kọjú sí fèrèsé láàárọ̀, kẹ́nì kan bá yín yà á, láti àyà lọ sókè, kójú hàn dáadáa, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Hìjáábù ò ṣe nǹkan kan, fìlà ò ṣe nǹkan kan. Èyí tí kò dáa ni kẹ́ ẹ gé ara yín jáde látinú fótò òde, tí apá ẹlòmíì ṣì wà lójìká yín, tàbí èyí tí filter ti sọ awọ ara yín di nǹkan míì, torí wọ́n á fẹ́ dá yín mọ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ìlú wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kọ Nigeria lásán. Recruiter tó ń wá èèyàn ní Ìbàdàn, Ìbàdàn ló máa tẹ̀. Ẹ kọ ìlú tẹ́ ẹ ń gbé gan an, tẹ́ ẹ bá ṣe tán láti kó lọ sí Èkó, ibì kan wà níwájú tẹ́ ẹ ti máa sọ ìyẹn.

Ẹ tún rántí link tó jẹ́ àdírẹ́sì pròfáìlì yín, èyí tí LinkedIn fún yín máa ń ní nọ́ńbà jágbajàgba nídìí. Ẹ lọ sí Public profile & URL, ẹ yí i padà sí orúkọ yín, á mọ́ tónítóní lórí CV.

3. Ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ

Headline ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lẹ máa ráyè tún ṣe lónìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Àyè létà 220 ni wọ́n fún yín, òun ló sì máa ń tẹ̀ lé orúkọ yín kiri, tẹ́ ẹ bá kọ comment ó wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ránṣẹ́ sí èèyàn ó wà níbẹ̀, tí recruiter bá wá nǹkan ó wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni "Graduate seeking for job", "Unemployed but hopeful", "Hardworking, God-fearing, goal getter". Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo mọ bí àìríṣẹ́ ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín, recruiter wo ló máa tẹ "hopeful" nígbà tó bá ń wá storekeeper? Ìwà yín dáa, ìyẹn á hàn tí wọ́n bá rí yín. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí yín ná.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé orúkọ iṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ kọ, nítorí lórí fóònù ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ló máa ń hàn, lẹ́yìn náà ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn náà irú ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wáni. Ti storekeeper wa lè rí báyìí:

Storekeeper | Inventory & Warehouse | Stock Reconciliation, FIFO, Excel | Feed Mill & Manufacturing

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé tí kò tíì ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òun náà ní nǹkan tó lè kọ: ohun tó kọ́, irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ẹgbẹ́ iṣẹ́ tó ti ń bá ṣèdánwò:

B.Sc. Accounting | Bookkeeping, Excel, QuickBooks | ICAN Student

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mi ò lè fò. Àwọn tó ń ta ọjà lórí Instagram tàbí WhatsApp nígbà tí wọ́n ń retí iṣẹ́, tí wọ́n wá kọ CEO sábẹ́ orúkọ wọn. Iṣẹ́ gidi ni ọjà títà, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n recruiter tó bá rí CEO á rò pé ẹ ò wáṣẹ́, á kọjá lọ. Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe gan an: ẹ ń dá oníbàárà lóhùn, ẹ ń ra ọjà, ẹ ń kà á, ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ń bá àwọn tó ń gbé ẹrù dúnàádúrà. Sales nìyẹn, customer service nìyẹn, logistics nìyẹn. Orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ.

4. About

Àyè ibẹ̀ tóbi, létà 2,600, àmọ́ ìlà bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ń rí kó tó tẹ "see more", torí náà ẹ má fi ìtàn ìgbésí ayé bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀: ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, ó ti tó ọdún mélòó, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe tó ṣeé fojú rí, ohun tẹ́ ẹ ń wá báyìí, ímeèlì yín nísàlẹ̀. Ìpínrọ̀ méjì tó kúrú ti tó. Ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá, bóyá ẹ ti gbéyàwó, gbogbo ìyẹn tá a máa ń kọ sí CV látijọ́, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

5. Experience, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Tí wọ́n bá ti ṣí pròfáìlì yín, ibí ni wọ́n máa sáré wá.

Bọ́pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ ni "Responsible for all store duties". Kò sọ nǹkan kan, torí gbogbo storekeeper ayé ló ń ṣe store duties. Ẹ bi ara yín láwọn ìbéèrè yìí: àpò mélòó ló ń wọlé lọ́sẹ̀? Ọkọ̀ mélòó lẹ ń kó ẹrù sí lóòjọ́? Ẹ ń ka ọjà lẹ́ẹ̀mélòó lóṣù? Àwọn mélòó ló wà lábẹ́ yín? Kí ló bà jẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí lẹ tún ṣe? Ẹ fi ìdáhùn yẹn kọ ọ́. Ti storekeeper wa lè wá di:

Received and issued about 600 bags of maize, soya and premix weekly. Did monthly stock count and reconciliation in Excel. Checked waybills against bin cards every Friday and brought down unexplained shortages.

Ẹ rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀ (bin card ni káàdì tí wọ́n ń kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde sí), àmọ́ mánéjà warehouse tó bá kà á, á mọ̀ pé ẹni yìí ti wà nínú store rí lóòótọ́. Ìlà ìkẹyìn yẹn gan an ló máa mú un, torí ọjà tó ń sọnù láì nídìí ni orí fífọ́ gbogbo ilé iṣẹ́. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ àṣírí kọ́ńpìnnì, bí owó tó wọlé tàbí orúkọ oníbàárà, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ò bá sì rántí iye pàtó, ẹ kọ "about", ẹ má ṣe hùmọ̀ ẹ̀.

Orúkọ iṣẹ́ náà tún wà. Nínú àwọn kọ́ńpìnnì wa, wọ́n lè máa pè yín ní "Officer II" tàbí "Admin" lásán nígbà tó jẹ́ pé store lẹ wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá "Officer II". Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Officer II, Store & Inventory". Ohun tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ gbé ara yín láti officer sí manager, torí wọ́n á pe ibi iṣẹ́ yín àtijọ́, irọ́ yẹn á sì já.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ kọ́ńpìnnì, ẹ dúró kí LinkedIn gbé orúkọ náà wá fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yàn án, kí àmì kọ́ńpìnnì náà lè hàn. Tẹ́ ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, recruiter tó ń fi orúkọ kọ́ńpìnnì wáni lè má rí yín.

Àwọn tó sọ pé àwọn ò ní experience, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún rò ó. Ibi tẹ́ ẹ ti sìnrú ìlú, ẹ má kọ "Corps Member" lásán, tó bá jẹ́ account lẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣe, ẹ kọ "Accounts Assistant, NYSC". SIWES wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tẹ́ ẹ jẹ́ akápò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, owó àwọn èèyàn lẹ ń tọ́jú tẹ́ ẹ sì ń jíhìn fún wọn, iṣẹ́ ni, ó níbi tẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sí tó ń jẹ́ Volunteering. Àwọn ìyá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ, tàbí ẹni tó lọ tọ́jú bàbá ẹ̀ tó ń ṣàìsàn, LinkedIn ní ohun tó ń jẹ́ Career break, ẹ lò ó láìbẹ̀rù, ó sàn ju kí ọdún méjì ṣófo kí ẹlòmíì máa méfò ohun tó ṣẹlẹ̀.

6. Skills, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá yín

Wọ́n gbà yín láyè tó 100, ẹ ò nílò gbogbo ẹ̀. Ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn síbẹ̀, márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù, ẹ gbé e sínú About, ẹ sì so ìyókù mọ́ ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti lò wọ́n.

Recommendation níye lórí ju ìyẹn lọ, nítorí ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ yín. Ìdí tí wọn kì í fi í kọ ọ́ fún yín ni pé ẹ kàn tẹ bọ́tìnì, ọ̀gá ò mọ ohun tó fẹ́ kọ. Ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń tún LinkedIn mi ṣe, mo fẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá mi kọ ìlà mẹ́ta mẹ́rin nípa bí mo ṣe ń tọ́jú stock nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, pàápàá ìgbà tá a tún bin card ṣe yẹn. Ẹ ṣeun gan sà." Ọ̀gá tó bá rántí bin card, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn. Tí ọ̀gá ò bá sí lórí LinkedIn, ọ̀pọ̀ lára wọn ò sì sí, ẹlẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ tàbí oníbàárà náà lè kọ ọ́.

7. Ẹ sọ pé ẹ ń wáṣẹ́

Lábẹ́ orúkọ yín, bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ Open to. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Finding a new job. Ẹ lè kọ orúkọ iṣẹ́ tó márùn-ún, ẹ lò ó tán: Storekeeper, Inventory Officer, Warehouse Officer, Store Officer, Logistics Officer. Ibí náà lẹ ti máa fi Èkó àti Ògùn kún ìlú tẹ́ ẹ lè ṣiṣẹ́.

Wọ́n á bi yín pé ta ló máa rí i. Àwọn recruiter nìkan, àbí gbogbo ayé, tí wọ́n á fi òrùka aláwọ̀ ewé yí fótò yín ká. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yan recruiter nìkan, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn ń gbìyànjú kí recruiter kọ́ńpìnnì yín má rí i, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ sọ̀yà. Tẹ́ ò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ gbé òrùka yẹn síta. Àwọn kan ń sọ pé ó ń jẹ́ kéèyàn dà bí ẹni tí nǹkan ti sú, mi ò gbà pẹ̀lú wọn, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kíákíá fẹ́ mọ ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

8. Ẹ má jókòó máa retí, ẹ wá wọn lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ yín: ọmọ kíláàsì, àwọn tẹ́ ẹ jọ sìnrú ìlú, ará ibi iṣẹ́ àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú kọ́ńpìnnì bíi márùn-ún tẹ́ ẹ fẹ́. Nestlé wà ní Àgbárá, Cadbury wà ní Àgídíngbí, WAMCO wà lágbègbè Ọ̀gbà, ẹ wo tiyín. Ẹ ṣí ojú ewé kọ́ńpìnnì náà, ẹ tẹ People, ẹ kọ "talent" tàbí "human resources", ẹ tún padà kọ "warehouse". Èmi fẹ́ràn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí jù, torí HR máa ń gbọ́ pé àyè fẹ́ ṣófo lẹ́yìn tí olórí ẹ̀ka bá ti mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ connect, ẹ kọ ìwé kékeré sí i. Àwọn tí kì í sanwó ní ìwọ̀nba díẹ̀ lóṣù, létà 200 péré, ẹ má fi ṣòfò. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ni "Good morning ma, please I need any job". Ọ̀rọ̀ "any job" yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́, kò sí ibi tí wọ́n lè fi í sí. Ẹ sọ orúkọ yín, iṣẹ́ yín, ìdí tó fi jẹ́ àwọn lẹ kọ̀wé sí. Good morning ma dáa o, ó fi hàn pé ẹ níwà, kó sáà má jẹ́ òun nìkan lẹ máa fi ránṣẹ́ tẹ́ ẹ á wá dákẹ́ máa retí èsì. Tí wọ́n bá gbà, ẹ dúpẹ́, ẹ fi ìlà méjì sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń gba inventory officer, kẹ́ ẹ lè fi CV ránṣẹ́. Tí wọn ò bá dáhùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ lè rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré.

Níbi Jobs, ẹ ṣí alert fún orúkọ iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì máa yan Past 24 hours. Easy Apply, bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé fún iṣẹ́ láì kúrò lórí LinkedIn, rọrùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń tẹ̀ ẹ́, torí náà tí kọ́ńpìnnì bá ní ojú ewé iṣẹ́ tiẹ̀, ẹ kọ̀wé síbẹ̀ náà.

Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ máa post lójoojúmọ́? Rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó, kó sì jẹ́ nípa iṣẹ́ yín. Storekeeper wa lè kọ bí wọ́n ṣe ń wọn omi ara àgbàdo kó tó wọ store, pé tó bá ti ga ju nǹkan bíi 13% lọ, ewu wà pé ó máa bu, èébu yẹn ló sì ń mú aflatoxin wá, májèlé tó lè pa adìẹ. Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

9. Àwọn gbájúẹ̀

Ẹ ṣọ́ra gidigidi, ẹ jọ̀ọ́. Òrùka aláwọ̀ ewé yẹn, àwọn ọlọ́ṣà náà ń rí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, owó medical, owó training kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi NIN, BVN tàbí nọ́ńbà OTP ránṣẹ́ níbi tí ẹ ò tíì ṣe ìntáfíù, ẹ sá. Ẹni tó kàn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Telegram kíákíá, bákan náà. Ẹ ṣí pròfáìlì ẹni náà, ẹ tẹ About this profile, ẹ máa rí ìgbà tó dara pọ̀ mọ́ LinkedIn. Tó bá jẹ́ oṣù tó kọjá tó sì ń pe ara ẹ̀ ní HR manager kọ́ńpìnnì ńlá, ẹ ti mọ̀. Ẹ wo ìkángun ímeèlì wọn bóyá ti kọ́ńpìnnì náà ni. Tí wọ́n bá pè yín síbì kan tẹ́ ò mọ̀, ẹ sọ fún ará ilé ibi tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ tó jáde.

Àwọn tó ń wáṣẹ́ ní UK tí wọ́n ṣèlérí visa fún, ìjọba ibẹ̀ máa ń gbé orúkọ gbogbo kọ́ńpìnnì tó láṣẹ láti mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun sórí GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ wò ó níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín.

10. Tí ọ̀rọ̀ bá dé

Ẹ jẹ́ kí app wà lórí fóònù kí notification ẹ̀ sì máa dún, torí recruiter tó kọ̀wé sí yín ti kọ̀wé sáwọn míì. Ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà, ìlú tó wà, iye owó oṣù tó wà láàárín iye sí iye, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi CV ránṣẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pròfáìlì yín, kí oṣù àti ọdún bára mu, torí wọ́n máa ń wò ó.

Tí wọ́n bá ti gbà yín, tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí lẹ́tà, ẹ pa Open to work, kẹ́ ẹ sì kọ ìwé ìdúpẹ́ kékeré sí gbogbo àwọn tó dá yín lóhùn nígbà tẹ́ ẹ ń wá a. Ìkéde pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lè dúró títí ẹ máa fi lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀.